Ọ̀nà Tí Wọn Ò Fẹ́ Bọ́ Bàtà Rìn

Lundi 8 mars 2010

Mo ti sọ ọ́ lẹ́nu, kò ṣeé gbé mì mọ́. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀ọ̀dá Olúbáyọ̀, lónìí pé n kò ní tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì títí ìparí oṣù karùn-ún, n kò sì ní jókòó sídìí máṣíìnì báàgì rẹ̀ ní Marcory, l'Abidjan níbí. Ó ń gé awọ lọ́wọ́. Kò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Nítorí iṣẹ́ madame yẹn?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Kí ni wọ́n ń pe iṣẹ́ náà?"

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Marie-Laure tó fẹ́ gbé iṣẹ́ náà fún mi ń pè é ní expérience. Èmi náà wá ń ṣàlàyé bí ọmọ iléèwé: ilé iṣẹ́ tó ń ṣe bàtà rọ́bà ní Yopougon fẹ́ ṣe ayẹyẹ ogún ọdún, wọ́n fẹ́ kí àwọn oníbàárà wọn rin inú yàrá kan já, láti ẹnu ọ̀nà kan dé èkejì, kí ohun tí wọ́n bá gbọ́ àti ohun tó bá kàn wọ́n lára mú wọn rántí nǹkan. Bọ̀ọ̀dá ní, "O máa kọ́ yàrá." Mo ní rárá, yàrá ti wà ńlẹ̀, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí èèyàn nínú rẹ̀ ni mo máa ṣe. Ó wo ìyàwó rẹ̀, Dèbórà, bíi pé ibà ló ń ṣe mí.

Àdéhùn wa nìyí, mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí n má baà gbàgbé bó ṣe sọ ọ́: "Vingt-deux mai, ọjọ́ kejìlélógún oṣù karùn-ún, ni wọ́n ń ṣe ayẹyẹ wọn, àbí? Bó bá kọjá tí n kò rí ohun tí mo lè tọ́ka sí pé iṣẹ́ lèyí, wàá padà sídìí máṣíìnì àti sídìí dùùrù, a ò sì ní gbọ́ ọ mọ́ nínú ilé yìí." Mo gbà. Kí ni n ó ṣe? Bọ̀ọ̀dá ló kọ́ mi ní dùùrù, òun ló kọ́ mi ní iṣẹ́ awọ, òun ló dúró bíi bàbá láti ìgbà tí Bàbá ti kú. Bó bá sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ti délẹ̀ nìyẹn.

Ooru mú bí iná. Ìgbà méjì ni wọ́n mú iná mànàmáná lọ.

Jeudi 11 mars

Ọkọ̀ gbaka méjì àti ìrìn nínú erùpẹ̀ kí n tó dé Zone industrielle níbi tí ilé iṣẹ́ bàtà náà wà. Òórùn rọ́bà tó yọ́ ti wọ inú irun mi, kò fẹ́ jáde. Ọ̀gá ibẹ̀, Monsieur Stéphane, ga, ó mọ́ nigín-nigín, bàtà rẹ̀ ń dán tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn lè fi ṣe dígí. Ó ní, "Je veux que les gens sentent quelque chose," pé òun fẹ́ kí nǹkan kan ṣe àwọn èèyàn lára. Mo bi í pé kí ni kó máa ṣe wọ́n lára. Ó ní, "Quelque chose!" Ó tún un sọ, ó fọwọ́ gbá afẹ́fẹ́. Ìyẹn ni gbogbo àlàyé tí mo rí gbà.

Yàrá náà jẹ́ ilé ìkẹ́rù àtijọ́, ó gùn, kò ní fèrèsé, páànù ló wà lórí rẹ̀. Mo rìn ín lọ, mo rìn ín bọ̀, mo sì mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ máa dá lé. Òkúta wẹ́wẹ́ ló máa ṣáájú, bí ọ̀nà oko ṣe rí. Lẹ́yìn rẹ̀, pákó tó máa ń dún bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹní. Lẹ́nu ọ̀nà ìjáde, bàtà rọ́bà tuntun, lêkê tiwọn gan-an, ẹ wọ̀ ọ́ kí ẹ máa lọ. Ẹsẹ̀ tó ti tẹ òkúta ló mọ adùn bàtà. Mo sọ ọ́ fún wọn bẹ́ẹ̀ pé ẹsẹ̀ ni, ẹsẹ̀. Stéphane ní, "Les pieds, très bien, très bien," ẹsẹ̀, ó dára gan-an.

Nínú ọkọ̀, Marie-Laure ní bó bá yọrí, òun á gbà mí sínú agence òun, ilé iṣẹ́ òun tó ń ṣètò ayẹyẹ. Bí kò bá yọrí, ó kàn gbé èjìká sókè.

Mardi 16 mars

Adjamé Roxy. Ẹ̀yìn ọjà ni Amidou ti ń gbẹ́ bala, ohun èlò orin onípákó, fún àwọn tó ń lù ú ní hótẹ́ẹ̀lì. Mo kí i kú iṣẹ́ ní èdè rẹ̀, "I ni baara," inú rẹ̀ dùn, ó ń pè mí ní dɔgɔmuso, àbúrò òun obìnrin. Àmọ́ nígbà tí mo sọ ohun tí mo fẹ́, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní ọwọ́ ni wọ́n fi ń lu bala, ta ló ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀? Mo ní kó ṣe é tóbi, kó fẹ̀ tó ibi tí àgbàlagbà lè dúró lé, kó gbé e ka orí àpótí. Ó ní á fọ́. Mo ní kò ní fọ́. Ó ní tèmi ni igi náà àbí tirẹ̀? A jà débi pé àwọn tó ń ta ẹja gbígbẹ dìde wá là wá.

Ó gbà nígbẹ̀yìn. Kì í ṣe tìtorí mi, òun náà fẹ́ mọ̀ bóyá ó máa dún ni. Igi ti wọ́n ju ti ọdún tó kọjá lọ.

Dimanche 21 mars

Dèbórà ní ẹni tó tẹ dùùrù lónìí ba orin jẹ́ títí ìjọ fi dákẹ́. Inú mi dùn díẹ̀. Kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Samedi 27 mars

Marie-Laure rán sípíkà ńláńlá mẹ́rin wá, ó ní kí n fi ohùn òjò, ohùn àkùkọ àti ohùn àwọn ọmọdé sí i. Mo ti gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. A ṣẹ̀ṣẹ̀ tan án ni délestage bẹ̀rẹ̀, wọ́n mú iná lọ. Gbogbo rẹ̀ kú fin. Mo jókòó sórí àpótí, mo ń bú iná, mo ń bú àwọn tó ń pín in, mo bú ara mi mọ́ ọn.

Iṣẹ́ ni Amidou ń bá lọ. Ó ń rìn lórí pákó nínú òkùnkùn, ó ń wò ó bóyá ó dúró dáadáa, ẹsẹ̀ lásán. Dùn. Dùùn. Dùn. Ohùn náà wá láti abẹ́ ilẹ̀, ó gba eegun ẹsẹ̀ wọ ikùn. Ni mo bá ní kó tún un rìn. Ó tún un rìn. Mo ní kí wọ́n wá kó sípíkà wọn lọ. Kò sí délestage lábẹ́ ẹsẹ̀.

Marie-Laure pariwo lórí fóònù débi pé mo gbé e jìnnà sí etí. Wọ́n ti sanwó rẹ̀. Èwo ni tèmi ńbẹ̀?

Dimanche 4 avril

Àjíǹde. Mo jókòó láàárín ìjọ pẹ̀lú àwọn èèyàn. Lẹ́yìn ìsìn, Bọ̀ọ̀dá pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ nínú sùtánà rẹ̀. Ó ní, "Orin Àjíǹde ń wọ́ nílẹ̀, ìwọ jókòó, o ń wò. Nítorí pákó." Mo ní pákó náà ń kọrin. Ó ní, "Pákó kì í kọrin. Pákó ń dún. Èèyàn ló ń kọrin." Mo fẹ́ dá a lóhùn, mo rántí pé ẹ̀gbọ́n mi ni, mo gbé e mì. Ó ń gbóná nínú mi títí di ìsinsìnyí. Ẹni tó kọ́ mi ní orin ló ń sọ fún mi pé ohun tí mo ń ṣe kì í ṣe orin. Bí ẹlòmíì ló sọ ọ́, kò ní dùn mí tó báyìí.

Samedi 17 avril

Ó ṣeé ṣe! Dèbórà kó àwọn obìnrin ẹgbẹ́ akọrin wá láìsọ fún ọkọ rẹ̀. Ó ní, "Ọkọ mi, àwa la máa kọ́kọ́ jẹ́rìí ẹ." Mo ti ta aṣọ funfun sẹ́nu ọ̀nà, mo tẹ́ ẹní kékeré sí iwájú rẹ̀. Wọ́n ń ké bí ẹyẹ ẹ̀gà nínú gbaka, àmọ́ bí wọ́n ṣe dé iwájú aṣọ yẹn, kẹ́kẹ́ pa. Wọ́n to bàtà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo dúró síta, mo ń fetí sílẹ̀. Lórí òkúta, "Yéè! Jọlá, o fẹ́ pa wá ni?" Lórí pákó, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Mo ń gbọ́ ohùn igi nìkan, ọ̀kan á lọ, á dúró, á tún padà. Ìyá Àánúolúwapọ̀ jáde tòun ti lêkê pupa lẹ́sẹ̀ àti omi lójú. Ó ní, "Ọ̀nà odò ìyá mi ní Èjìgbò nìyẹn. Ta ló júwe rẹ̀ fún ẹ?" N kò mọ ọ̀nà odò kankan ní Èjìgbò. Abidjan ni wọ́n bí mi sí.

Mo ra gárba, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ àti ẹja díndín, fún gbogbo wọn. Ẹja rẹ̀ ti kéré sí i, ata ni wọ́n fi ń dí ojú wa.

Vendredi 23 avril

Ẹ̀gbin gbáà.

Stéphane, Marie-Laure àti àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì wá dán an wò. Wọ́n ká aṣọ funfun mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tó ń ṣílẹ̀kùn báńkì, wọ́n sì wọlé tọ̀ọ́ tòun ti bàtà. Lórí òkúta, kira-kira-kira. Lórí pákó, gbà-gbà-gbà-gbà, bí ẹṣin ṣe ń sá. Gìgísẹ̀ bàtà gogoro Marie-Laure há sáàárín pákó méjì, ó ṣẹ́. Akọ̀wé ìṣírò wọn rìn ín já pẹ̀lú fóònù létí: "Oui, oui, je suis dans le truc là," pé òun wà nínú nǹkan kan báyìí. Nígbà tí wọ́n dé ìdí lêkê tuntun tí mo tò lẹ́nu ọ̀nà ìjáde, wọ́n wò ó, wọ́n wo bàtà ẹsẹ̀ wọn, wọ́n kọjá.

Stéphane yíjú sí mi: "C'est tout?" Ó ń bi mí bóyá ó ti parí. Marie-Laure dúró lórí ẹsẹ̀ kan bí àkọ̀, ó di gìgísẹ̀ tó ṣẹ́ mú lọ́wọ́.

Inú gbaka ni mo wà, lórí afárá, kó tó yé mi. Kò sẹ́ni tó bọ́ bàtà. N kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó bọ́ ọ! Látìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n rìn ni mo ti ń wọ ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́sẹ̀ lásán. Kò wá sí mi lọ́kàn rí pé èèyàn lè rí aṣọ funfun àti ẹní lẹ́nu ọ̀nà kó má bọ́ bàtà. Mo sọ fún wọn pé ẹsẹ̀ ni, wọ́n ní très bien. Bàtà ni wọ́n gbọ́! Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa sì ni mo fi dán an wò. Mo bú sẹ́rìn-ín nínú ọkọ̀ títí omi fi jáde lójú mi, obìnrin tó jókòó tì mí kó ẹrù rẹ̀ mọ́ra. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín.

Lundi 26 avril

Ìpàdé. Mo ṣàlàyé pé ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi rìn ín. Stéphane fi ọwọ́ méjèèjì lé tábìlì. "Mademoiselle, moi je vends des chaussures." Bàtà lòun ń tà o. Ṣé kí òun pe àwọn tó ń ra bàtà lọ́wọ́ òun wá láti wá bọ́ bàtà? Mo ní tìtorí ìyẹn gan-an ni, kí wọ́n lè mọ ohun tí bàtà ń ṣe fún ẹsẹ̀. Ó ní àwọn Anango, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbí, ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Gbogbo ọ́fíìsì rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ó sì ń dùn mí.

Marie-Laure ní òun ti rí ọ̀nà àbáyọ: tẹlifíṣọ̀n ńlá mẹ́rin, àwọn ọmọbìnrin arẹwà tó máa pín ìwé, kí wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sórí ohun gbogbo. Mo ní kí wọ́n fún mi láyè. Wọ́n fún mi di quatorze mai, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù tó ń bọ̀.

Jeudi 29 avril

Mo lẹ ìwé mọ́ ẹnu ọ̀nà pé kí wọ́n jọ̀ọ́ bọ́ bàtà: Prière de se déchausser. Mo lọ jókòó sábẹ́ igi, mo ń wò wọ́n. Akọ̀wé ìṣírò kà á sókè, ó rẹ́rìn-ín, ó padà sí ọ́fíìsì. Ọkùnrin kan bọ́ ẹyọ kan, ó rí ìbọ̀sẹ̀ ara rẹ̀, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó tún bàtà wọ̀ wéré. Akọ̀wé ọ̀gá, ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ kan, ní, "Devant mon chef? Jamais." Lójú ọ̀gá òun, láéláé.

Ojú ló ń tì wọ́n! Mo rò pé agídí ni. Nílùú Abidjan yìí, èèyàn lè jẹ gárba láàárọ̀ kó tún jẹ ẹ́ lálẹ́, àmọ́ bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ní í jẹ́ kẹ́nì kan mọ̀. Èmi wá ní kó bọ́ ọ lójú àwọn tó ń tìtorí wọn wọ̀ ọ́. Mo ya ìwé náà dànù.

Dimanche 2 mai

Ẹnu géètì ṣọ́ọ̀ṣì ni mo jókòó sí lónìí, mo ń ṣọ́ àwọn àlejò bí olè. Lẹ́yìn ìsìn mo bi Bọ̀ọ̀dá pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló ń sọ fún ẹni tuntun pé kó bọ́ bàtà?"

"Ta ló máa sọ fún un? Ó ń rí ẹni tó wà níwájú rẹ̀."

"Bí ẹni tó wà níwájú ò bá wá bọ́ tiẹ̀ ńkọ́?"

"Kò sí ìjọ níbẹ̀ nìyẹn." Ó ń di ìwé orin rẹ̀. "Ṣé o máa tẹ dùùrù fún wa lọ́jọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì?"

Mo ní rárá sà. Ó gbé ìwé orin rẹ̀, ó lọ.

Samedi 8 mai

Òjò ti bẹ̀rẹ̀. Marcory kún fún omi, gbogbo bàtà mi ló rin.

Ìṣòro mi kì í ṣe inú yàrá, ìta ni. Níbí yìí, bí àlejò bá dé, wọ́n á fún un níjòókòó, wọ́n á fún un lómi, kí wọ́n tó béèrè pé kí ló dé. Kí ni èmi fi ń lé wọn wọlé bí ẹran? Mo ní kí Amidou kan àga gbọọrọ kan tó rẹlẹ̀ gan-an, tó jẹ́ pé béèyàn bá jókòó sí i, orúnkún á gòkè, bàtà á sì wà níwájú ojú rẹ̀. Mo gbé ìkòkò omi tì í. Amidou fá àga náà títí ó fi ń dán, ó ní òun ò mọ̀ pé ìjókòó náà wà nínú bala.

Mo fi àwọn akọ̀wé méjì dán an wò. Èyí tó dá wá bọ́ bàtà fúnra rẹ̀, n kò sọ nǹkan kan. Nígbà tí èkejì dé, méjèèjì ń wojú ara wọn, kò sẹ́ni tó bọ́ ọ. Ó kù síbì kan. Ó kù ẹni tó máa wà níwájú.

Vendredi 14 mai

Mo bẹ Stéphane. Mo kúnlẹ̀ nínú ọ́fíìsì rẹ̀, mo ní, "Patron, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ bọ́ tiyín. Bẹ́ ẹ bá bọ́ ọ, gbogbo wọn á bọ́ ọ." Ó wò mí bí ẹni tó gbọ́ èébú. "Moi? Devant les officiels?" Òun, níwájú àwọn èèyàn ńlá? Ó ní kí n dìde, pé òun kì í ṣe póòpù. Rárá ni.

Wọn ò gbé tẹlifíṣọ̀n wá mọ́ ṣá. Ẹ má rò pé ohun tí mo ṣe ló wù wọ́n o. Àwọn tó ń fi tẹlifíṣọ̀n háyà ní nítorí délestage, àwọn ò lè fọwọ́ sọ̀yà. Marie-Laure ní, "On va faire avec toi," pé àwọn á fi tèmi ṣe é bẹ́ẹ̀. Èmi ló kù nílẹ̀ nìyẹn, bí ọbẹ̀ àná.

Vendredi 21 mai

Marie-Laure gbé kápẹ́ẹ̀tì pupa dé. Ó tẹ́ ẹ láti ibi tí ọkọ̀ ń dúró sí, ó gba ẹ̀gbẹ́ àga mi kọjá, ó wọ abẹ́ aṣọ funfun, ó fi bo òkúta mi mọ́lẹ̀! Mo ká a padà. Ó tún tẹ́ ẹ. Mo tún ká a. Ó ní, "Tu es la décoratrice, pas la patronne." Ó ní amúlé-lẹ́wà lásán ni mí, n kì í ṣe ọ̀gá. Mo jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì tí mo ká, mo ní bí wọ́n bá máa tẹ́ ẹ, wọ́n á tẹ́ èmi náà mọ́ ọn. Ó bú sẹ́rìn-ín nígbẹ̀yìn, ó ní kó dúró síbi àga.

Mo bẹ Bọ̀ọ̀dá pé kó wá lọ́la. Ó ní ìmúrasílẹ̀ Pẹ́ńtíkọ́sì ni.

Samedi 22 mai

Ọ̀rọ̀ àsọyé gùn bí ọ̀nà Bouaké. Àwọn èèyàn ńlá mu ọtí, wọ́n ya fọ́tò níwájú aṣọ funfun mi, ọ̀kan tiẹ̀ yọjú wọlé, ó ní "C'est joli," ó rẹwà, wọ́n sì gba ìdí oúnjẹ lọ. Kò sẹ́ni tó jókòó sórí àga. Stéphane ń sìn wọ́n káàkiri, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni mò ń rí. Mo dúró ti ìkòkò omi mi, mo ń nu ife, mo ń rò ó pé ọjọ́ Mọ́ńdè mo ti wà nídìí máṣíìnì.

Ìgbà náà ni Àlàájà Mùkàrámà rọra ń bọ̀, òun tó ń ra ìdajì ọjà Stéphane fún àwọn ọlọ́jà Adjamé Roxy. Ó wọ léèsì aláwọ̀ òfeefèé àti bàtà góòlù tó ga, ó ń rìn bí ẹni tó ń tẹ ẹ̀gún. Gbì, ó já ara rẹ̀ lé àga mi. "Yéè, ẹsẹ̀ mi o! Ọmọ yìí, fún mi lómi." Mo ní, "Omi rèé mà." Ó gbọ́ Yorùbá lẹ́nu mi, ó ní, "Háà, ọmọ wa ni! Bàtà yìí fẹ́ pa mí, ọmọ mi ló rà á." Ó tì í dànù, ọ̀kan lọ síhìn-ín, èkejì lọ sọ́hùn-ún. Ó na ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí ẹní, ó mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè. "Kí ló wà lẹ́yìn aṣọ yẹn?" Mo ní, "Ẹ lọ wò ó mà." Ó sì wọlé.

Stéphane sáré dé, ó ń wá a: "La maman est où?" Mo nawọ́ sí bàtà góòlù tó wà nílẹ̀. Ó dúró. Ohùn Àlàájà wá láti inú lọ́hùn-ún, "Stéphane! Viens ici!" Ta ló máa jẹ́ kí oníbàárà rẹ̀ tó tóbi jù dá rìn? Ta ló sì máa fi bàtà tọ ìyá arúgbó tó wà lẹ́sẹ̀ lásán lẹ́yìn? Ó wo àwọn èèyàn ńlá rẹ̀. Ó jókòó, ó ń tú okùn bàtà bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ fún ní abẹ́rẹ́. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ jáde nínú ìbọ̀sẹ̀. Ó rí i pé mo rí i. Ó fa ìbọ̀sẹ̀ náà yọ, ó kì í sápò, ó wọlé.

Lẹ́yìn náà, mi ò mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ mọ́. Akọ̀wé ìṣírò bọ́ tiẹ̀. Akọ̀wé ọ̀gá bọ́ tiẹ̀. Àwọn ọlọ́jà Roxy ń ti ara wọn lórí àga, omi tán nínú ìkòkò, Marie-Laure jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nítorí kò sáyè mọ́. Bàtà kún ẹnu ọ̀nà bí ọjọ́ ìkórè. Mo ń gbọ́ pákó mi, mo ń gbọ́ ọ! Àlàájà jáde tòun ti lêkê àwọ̀ ewé lábẹ́ léèsì, ó sọ fún Stéphane lójú mi ní èdè Faransé wọn pé ọjọ́ ti pẹ́ tóun ti ń ta bàtà yìí, òní lòun mọ ohun tóun ń tà.

Marie-Laure gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún "notre décoratrice." Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé kí n wá fọwọ́ síwèé, òun gbà mí. Mo dúpẹ́. Mo ń wo ẹnu géètì ní gbogbo àsìkò yẹn. Bọ̀ọ̀dá ò wá.

Dimanche 23 mai

Mo sọ fún Bọ̀ọ̀dá nídìí ìrẹsì pé wọ́n gbà mí síṣẹ́. Ó ní, "Wọ́n gbà ọ́ ṣe kí ni?" Mo ní décoratrice. Ẹnu mi ń dùn mí bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ó ní, "Ẹni tó ń so òdòdó mọ́ ògiri." Ó jẹun díẹ̀ sí i. "Àdéhùn wa ni pé bí n kò bá rí i. N kò sì rí i."

"Ẹ ò wá ni!"

Mo pariwo mọ́ ẹ̀gbọ́n mi, lọ́jọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì. Dèbórà gbé àwo kúrò nílẹ̀. Bọ̀ọ̀dá ní iṣẹ́ Ọlọ́run lòun ń ṣe lánàá, kò sì gbé ohùn sókè rárá. Ó ní òun á mú takisí wá lọ́la ká lọ kó ẹrù mi kúrò ní Yopougon. Mo ní kò burú. Àdéhùn ni àdéhùn. Inú bí mi débi pé n kò lè sunkún.

Lundi 24 mai

Ọlidé Pẹ́ńtíkọ́sì. Kò sí ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, gbogbo ibẹ̀ dákẹ́. Bọ̀ọ̀dá ní kí takisí dúró ní géètì. Ó ní, "Kí la máa kó?" N kò fẹ́ wojú rẹ̀. Mo ní, "Àga yẹn, ẹ jókòó dè mí níbẹ̀," mo lọ sẹ́yìn ilé láti lọ kó àwọn àpótí Amidou.

Nígbà tí mo dé, kò sẹ́nì kan lórí àga. Bàtà rẹ̀ wà lórí ẹní, ó yí ẹnu wọn síta bó ṣe máa ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo di aṣọ funfun mú, n kò wọlé. Mo gbọ́ ọ lórí òkúta, ó ń kùn sínú. Ó dé orí pákó. Ìkíní. Ìkejì. Ìkẹta. Ó dúró. Mo ní ó ti sú u, ó ń padà bọ̀. Ó padà lóòótọ́, sórí ìkíní. Ìkíní, ìkejì, ìkẹta. Ó tún dúró. Ó wá ń tẹ ìkẹta nìkan, ó ń fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ó ń gbọ́ ọ, ó tún tẹ̀ ẹ́.

"Jọláolúwa!"

"Sà!"

"Ìkẹta yìí ti wálẹ̀."

Mo ní òjò ni, igi náà ti fa omi. Ó ní, "Mi ò bi ọ́ léèrè òjò. Báyìí lo ṣe jẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́ ọ níjẹta? Orin ń lọ geere, ó dé ibí, ó ṣubú. Kí lẹ fi ń tún un ṣe?"

"Ọ̀bẹ, sà. A máa ń fá etí rẹ̀ nísàlẹ̀."

"Mú un wá."

Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, takisí ń dúró."

 Mo gbọ́ ìkejì, mo gbọ́ ìkẹta, mo gbọ́ ọ tó ń fẹnu kọ ohùn tó yẹ kí ìkẹta jẹ́.

"Sọ fún un kó máa lọ," ló wí.